Bí a ṣe ń ya fọ́tò ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti ìwé àtijọ́ ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Bẹ̀nẹ̀, tí a ó sì gbé dátà rẹ̀ síta fún àwọn olùwádìí

Ojú lásán kì í mọ̀ bóyá búlúù tó wà lára ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan jẹ́ aró ẹ̀lú, búlúù ìfọṣọ, tàbí ọ̀dà inú agolo. Kámẹ́rà tó ń ríran kọjá ibi tí ojú wa mọ lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ infrared, tí ojú kì í rí, búlúù Prussia, tó máa ń wà nínú ọ̀dà, máa ń dúdú kirikiri, nígbà tí aró ẹ̀lú àti ultramarine, irú èyí tó wà nínú búlúù ìfọṣọ, máa ń funfun. Àmọ́ bí ẹni tó ya fọ́tò náà kò bá kọ irú iná tó tàn, fíltà tó wà níwájú lẹ́ńsì, àti ohun tí kọ̀ǹpútà ṣe sí fọ́tò náà lẹ́yìn tó yà á tán, olùwádìí tó wà ní Ìbàdàn tàbí Berlin á kàn wò ó, á ní ó dára, á sì kọjá lọ. Ohun tí a fẹ́ ni pé kí àjèjì tí kò ní nọ́ńbà fóònù wa lè fi fọ́tò wa ṣiṣẹ́ láìbi wá léèrè ohunkóhun. Ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 36 la ó fi ṣe àpẹẹrẹ, a ó sì máa yà sọ́dọ̀ ìwé àfọwọ́kọ àwọn àáfà Àjàṣẹ́ níbi tó bá yẹ.

Àṣẹ méjì lẹ máa gbà

Àṣẹ pé kí ẹ ya fọ́tò yàtọ̀ sí àṣẹ pé kí ẹ gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ní "ẹ yà á" lè má ronú rẹ̀ rí pé ẹnikẹ́ni láyé á lè gba fọ́tò náà, kó tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ, kó sì máa tà á. Ẹ bi í léèrè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ní ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ẹni tí ère wà nílé rẹ̀ nìkan kọ́ ló ni ọ̀rọ̀ ọ́ sọ. Ìyálàṣẹ̀, ìyá tó jẹ́ olórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, àti àwọn àgbà ẹgbẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ kí. Bí agbẹ́gilére bá ṣì wà láàyè, tàbí tí kò tíì pẹ́ tó kú, ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ ọnà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, bí ère náà tilẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn.

Kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kámẹ́rà kalẹ̀, ẹ jọ pín àwọn ohun tí ẹ fẹ́ yà sí mẹ́ta: èyí tó lè jáde ní gbangba, èyí tí ẹni tó bá bèèrè nìkan lè rí, àti èyí tí kò gbọdọ̀ kúrò nílé. Ère Ìyánlá, tí wọ́n máa ń pa gbogbo iná kó tó jáde lóru, kò sí ìdí kankan tí a ó fi tanná sí i lójú kí a sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ á dúró láìsí i.

Láísẹ́ńsì, àdéhùn ìlò bíi ti Creative Commons (CC), ni ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń fi ìkánjú yàn. CC BY 4.0 sọ pé kí ẹni tó bá lò ó dárúkọ orísun rẹ̀, kó sì ṣe ohun tó bá wù ú. CC0 kò béèrè ohunkóhun. Ọ̀pọ̀ ilé ló máa ń fẹ́ èyí tó ní NC nínú, tó ní kí wọ́n má fi ṣòwò, ẹ̀tọ́ wọn sì ni; àmọ́ ẹ sọ fún wọn pé Wikimedia Commons kì í gba irú fọ́tò bẹ́ẹ̀. Èyí tó ní ND nínú ni kí ẹ yẹra fún, torí kò jẹ́ kí olùwádìí pín fọ́tò tó ti fi kọ̀ǹpútà yí padà, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Kókó tó yẹ kí ẹ sọ létí ìdílé náà, ní Yorùbá tó yé wọn, ni pé láísẹ́ńsì Creative Commons kò ṣeé gbà padà lọ́wọ́ ẹni tó ti gba fáìlì náà. Ìlú tàbí ẹgbẹ́ náà lè fi àmì TK (Traditional Knowledge, ìmọ̀ ìbílẹ̀) ti Local Contexts kún un láti sọ àṣà tó yí ohun náà ká. Kì í ṣe òfin, àmọ́ olùwádìí tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á kà á.

Ìwé àṣẹ tí orúkọ àti nọ́ńbà fóònù wà lórí rẹ̀ kì í bá dátà lọ síta. Ẹ fi pamọ́ sílé, kí ẹ kàn kọ ọ́ sínú àlàyé pé ó wà àti ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i.

Yíyà fọ́tò náà

Ẹ ṣírò kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Kámẹ́rà onímegapixel 24 máa ń ya píksẹ́lì 6000 ní gígùn àti 4000 ní ìbú. Bí fọ́tò kan bá gba sẹ̀ǹtímítà 50 ní gígùn, sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan ní píksẹ́lì 120. Ìlà tí kò nípọn ju 0.1 mílímítà lọ á wá jẹ́ píksẹ́lì kan péré, ìyẹn ni pé kò ní hàn dáadáa. Tó bá jẹ́ ojú ọ̀bẹ agbẹ́gilére lẹ ń wá, ẹ sún mọ́ ọn títí fọ́tò fi gba sẹ̀ǹtímítà 15. Sẹ̀ǹtímítà kan á ní píksẹ́lì 400. Ẹ ya odindi ère, kí ẹ sì ya ibi tó ṣe pàtàkì ní ìtòsí.

Kámẹ́rà lásán ní gíláàsì kan níwájú sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tó ń dènà infrared. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ló lè yọ ọ́ kúrò. Lẹ́yìn náà, sẹ́ńsọ̀ sílíkọ́nì á máa ríran dé nǹkan bí 1100 nànómítà (ohun tí wọ́n fi ń wọn ìgbì ìmọ́lẹ̀), fíltà tí ẹ bá fi síwájú lẹ́ńsì ló máa wá pinnu ohun tó máa rí. Ẹ ṣètò rẹ̀ báyìí: RAW (fáìlì tí kámẹ́rà kò tún ṣe rárá), gbogbo ètò lọ́wọ́ yín, ISO 100, f/8 (ìwọ̀n bí ojú lẹ́ńsì ṣe ṣí tó), kámẹ́rà lórí ẹsẹ̀, okùn ìtẹ̀ tàbí rìmóòtù dípò ìka. Ní àsìkò ọyẹ́, eruku orí sẹ́ńsọ̀ máa ń hàn bí àmì tóótòòtó tí ẹ bá ti dé f/16, ìdí rèé tí a fi dúró ní f/8. Jẹnẹrétọ̀ tó wà lórí ilẹ̀ ilé kan náà máa ń mi ẹsẹ̀ kámẹ́rà. Ẹ lo bátìrì, tàbí kí ẹ gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ìta.

Ní gbogbo ìgbà tí iná tàbí fíltà bá yí padà, ẹ ya mẹ́rin ṣáájú ère: káàdì àwọ̀ olójú 24, rúlà tó dúró ní ipò ojú ère, pákó funfun tó gba iná dọ́gba, àti fọ́tò tí ìdérí wà lójú lẹ́ńsì. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń nù dànù torí wọn ò lẹ́wà, òun sì ni olùwádìí kọ́kọ́ máa ń wá. Pákó funfun ló ń sọ ibi tí iná ti pọ̀ jù. Ìdérí ló ń sọ ariwo sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀.

Tó bá kan ultraviolet, ìmọ́lẹ̀ mìíràn tí ojú kì í rí, ẹ lo iná 365 nànómítà nínú òkùnkùn biribiri, lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀ tàbí lábẹ́ aṣọ dúdú, kí ẹ sì fi fíltà tó ń dí ultraviolet àti infrared síwájú lẹ́ńsì, kó lè ku kìkì ìmọ́lẹ̀ tí ohun náà fúnra rẹ̀ ń tàn jáde. Fọ́tò kan lè gba ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 30. Ẹ wọ gíláàsì ààbò, ẹ má sì jẹ́ kí iná náà wà lára ère ju bó ṣe yẹ lọ. Funfun onízinc máa ń tàn ní àwọ̀ ìyeyè, funfun titanium sì máa ń dúdú. Bẹ́ẹ̀ titanium kò sí lọ́jà ọ̀dà kí ọdún 1916 tó dé, nítorí náà ibi tó bá dúdú yìí lè sọ fún yín pé wọ́n tún ère náà kùn. Ẹ má wọ aṣọ funfun lọ síbi iṣẹ́ yìí o. Ọṣẹ ìfọṣọ onílẹ́búlẹ́bú máa ń ní èròjà tó ń tàn búlúù lábẹ́ ultraviolet, ìmọ́lẹ̀ agbádá yín á sì dà sára ère, ẹnì kan á sì lọ kọ̀wé nípa àwọ̀ tí kò sí níbẹ̀. Bébà funfun ìgbàlódé náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Aṣọ dúdú ni kí ẹ tẹ́ sábẹ́ ère.

Infrared ní ìṣòro méjì tirẹ̀. Àkọ́kọ́, ibi tí lẹ́ńsì ti ń ríran kedere máa ń yí kúrò níbi tí ẹ fi sí fún ìmọ́lẹ̀ ojú. Ẹ tún un tò lójú sikíríìnì kámẹ́rà, kí ẹ fẹ àwòrán náà tóbi wò. Èkejì, àwọn lẹ́ńsì kan máa ń fi àmì roboto tó mọ́lẹ̀ sí àárín fọ́tò, bí ẹ bá sì ṣe ń dín ojú lẹ́ńsì kù ló ń burú sí i. Ẹ fi ògiri kan tí kò ní àwòrán dán lẹ́ńsì wò ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́. Infrared ni ó wúlò jù fún ìwé àáfà: tàdáwà tí wọ́n fi èédú iná ṣe máa ń dúdú síbẹ̀ ní 940 nànómítà, tàdáwà onírin máa ń ṣá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá bí ìgbì bá ti kọjá 1000. Bí a ṣe ń mọ ọwọ́ méjì lójú ìwé kan náà nìyẹn.

Fún ojú igi, ẹ ṣe RTI (Reflectance Transformation Imaging, ọ̀pọ̀ fọ́tò tí iná ti wá láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀): kámẹ́rà kò kúrò lójú kan, iná ló ń rìn. Ẹ fi bọ́ọ̀lù dúdú dídán méjì sí ẹ̀gbẹ́ ère, kí bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan gba ó kéré tán píksẹ́lì 250 nínú fọ́tò. Ìmọ́lẹ̀ tó dán lára rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ ibi tí iná ti wá. Ìjìnnà iná sí ère gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì sí mẹ́rin gígùn ère láti igun dé igun. Ẹ so okùn mọ́ iná. Ẹnì kejì á fa orí okùn dé ojú ère láìfọwọ́ kàn án, ẹni tó mú iná á sún títí okùn fi le, ẹnì kejì á ní "ó tó", wọ́n á mú okùn kúrò, wọ́n á tẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ nígbà 48 sí 60, láti ìsàlẹ̀ tó fi bí ìwọ̀n igun 15 ga sókè dé 65. Bí ẹnikẹ́ni bá ta ẹsẹ̀ kámẹ́rà lẹ́ẹ̀kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí. Kò sí àtúnṣe kankan tó ń gba irú rẹ̀ là.

Ohun ńlá bí ẹnu-bodè Àkàbà Ìdèna ní Kétu tàbí iwájú Mọ́ṣáláṣí Ńlá Àjàṣẹ́, photogrammetry, fífi ọ̀pọ̀ fọ́tò kọ́ àwòrán oníhà mẹ́ta, ló tọ́ sí i. Kí fọ́tò kọ̀ọ̀kan gbé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ti èyí tó ṣáájú rẹ̀, ní ibi gíga mẹ́ta, pẹ̀lú ọ̀pá ìwọ̀n nínú fọ́tò. Ẹ ṣe é lọ́jọ́ tí ìkùukùu bo oòrùn.

Orúkọ fáìlì àti ohun tí kò gbọdọ̀ sọnù

KTU-GLD-007_20250114_IR940_01.dng: ìlú, irú ohun, nọ́ńbà ohun, ọjọ́, ìmọ́lẹ̀, nọ́ńbà fọ́tò. Kò sí àlàfo níbẹ̀, kò sí àmì ohùn. A fẹ́ràn àmì ohùn bíi ti gbogbo ọmọ Yorùbá, àmọ́ kì í ṣe lórí orúkọ fáìlì. Lẹ́tà ẹ́ kò ní kóòdù kan ṣoṣo nínú Unicode: a lè kọ ọ́ ní ẹ tí a fi àmì òkè lé, ní é tí a fi àmì ìsàlẹ̀ sí, tàbí ní e lásán pẹ̀lú àmì méjèèjì. Lójú wa, ọ̀kan ni. Lójú kọ̀ǹpútà, mẹ́ta ni. Fódà kan tí ẹ pè ní Ṣábẹ̀ẹ́ lórí Mac lè di èyí tí ìkànnì mìíràn ní òun kò rí. Inú àlàyé ni kí ẹ ti kọ Yorùbá tó péye, kí ẹ sì sọ gbogbo rẹ̀ di NFC, ìlànà Unicode tó ń sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan.

Ẹ tọ́jú RAW, kí ẹ sì ṣe TIFF 16-bit láti inú rẹ̀ láìjẹ́ kí ohun èlò kọ̀ǹpútà tan ìmọ́lẹ̀ sí i tàbí mú un mú. TIFF 16-bit kan láti kámẹ́rà yìí jẹ́ megabyte 144, nítorí náà RTI onífọ́tò 48 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gigabyte 7. JPEG wà fún wíwò nìkan. Ẹ má fi WhatsApp fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ara yín. Ó máa ń fún fọ́tò mọ́, ó sì máa ń nu gbogbo ohun tí kámẹ́rà kọ sínú rẹ̀.

Ohun kan wà tó yẹ kí ẹ nù fúnra yín: ibi tí ojúbọ wà. Olè ère máa ń ka GPS bíi ti olùwádìí. Lórí ẹ̀dà tó máa jáde, ẹ lo ExifTool, `exiftool -gps:all= *.tif`, lẹ́yìn náà `exiftool -a -G1 -s *.tif` láti wò ó bóyá GPS kankan ṣẹ́kù. Ibi tí ènìyàn ti ń ṣubú nìyí: ExifTool máa ń fi ẹ̀dà àtijọ́ pamọ́ sínú fódà kan náà pẹ̀lú `_original` ní ìparí orúkọ, GPS sì wà nínú rẹ̀ digbí. Ẹ kó wọn kúrò kí ẹ tó di ẹrù.

Àlàyé tí á bá fọ́tò rìn

Fáìlì méjì ló tó: README àti tábìlì CSV tó ní ìlà kan fún fọ́tò kan. Nínú tábìlì: orúkọ fáìlì, nọ́ńbà ohun, ọjọ́, kámẹ́rà, lẹ́ńsì, fíltà, iná àti ìgbì rẹ̀, f, àkókò, ISO, ìjìnnà, iye píksẹ́lì nínú sẹ̀ǹtímítà kan, orúkọ ẹni tó yà á. Nínú README: ohun tí ère náà jẹ́, igi rẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá mọ̀ ọ́n, ohun tí kọ̀ǹpútà ṣe ní ìpele kọ̀ọ̀kan àti ẹ̀dà ohun èlò tí ẹ lò, láísẹ́ńsì, àti bí ẹ ṣe fẹ́ kí wọ́n dárúkọ yín àti ilé tó ni ère. Ẹ kọ orúkọ àwọ̀ bí agbẹ́gilére ṣe pè é, ẹfun, osùn, aró, kí ẹ tó kọ ohun tí ẹ̀yin rò pé ó jẹ́. Kóòdù èdè Yorùbá ni yor. Bí ọ̀rọ̀ náà bá wá láti ẹnu ará Ṣábẹ̀ẹ́ ní èdè wọn, cbj ni.

Excel tó wà ní Faransé, èyí tó wà lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ní Bẹ̀nẹ̀, máa ń fi àmì `;` pín CSV, ó sì máa ń kọ 5.6 ní 5,6. Ẹni tó bá ṣí i ní Amẹ́ríkà á rí òpó kan ṣoṣo tó kún fún ìdàrúdàpọ̀. Ó tún máa ń sọ ẹ̀ àti ọ́ di jágbajàgba bí kò bá mọ̀ pé UTF-8 ni. LibreOffice Calc máa ń béèrè nígbà tí ẹ bá ń fi pamọ́: ẹ yan UTF-8, ẹ yan kọ́mà, ẹ fi àmì tóótó sínú nọ́ńbà. Ọjọ́ ni 2025-01-14. Ẹ má kọ 03/04 rárá, torí oṣù kẹta ni fún ẹnì kan, oṣù kẹrin ni fún ẹlòmíràn.

Dídì í, gbígbé e síta

BagIt ni ọ̀nà dídì tí àwọn ilé ìkówèépamọ́ mọ̀, RFC 8493 ló ṣàlàyé rẹ̀. Gbogbo fáìlì wà nínú fódà `data`, pẹ̀lú `bagit.txt` àti `manifest-sha256.txt` tó ń kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ fáìlì kọ̀ọ̀kan. Bí bit kan ṣoṣo bá yí padà lójú ọ̀nà, nọ́ńbà náà á yàtọ̀. Nínú `data`, ẹ ya RAW, fọ́tò ìwọ̀n, TIFF, àbájáde kọ̀ǹpútà àti àlàyé sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Zenodo, tí CERN dá sílẹ̀ ní 2013, ló rọrùn jù: ọ̀fẹ́ ni, ó ń fún yín ní DOI (nọ́ńbà ìdánimọ̀ dátà tí kì í yí padà), àkọsílẹ̀ kan sì ń gba gigabyte 50 àti fáìlì 100. Torí iye fáìlì yẹn, ẹ di irú ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú zip tirẹ̀, àmọ́ kí README àti CSV wà lóde zip kí ènìyàn lè kà wọ́n kó tó gba ẹrù. Ẹ kọ́kọ́ fi sandbox.zenodo.org ṣe ìdánrawò. Tí íntánẹ́ẹ̀tì yín bá ń gbé megabit 2 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, gigabyte 7 á gba nǹkan bíi wákàtí 8; bí ó bá já ní wákàtí keje, fáìlì tó wà lójú ọ̀nà á bẹ̀rẹ̀ láti orí. Zip tí kò ju megabyte 500 lọ ló dára, lóru. Èyí tí ilé ní kí ẹni tó bá béèrè nìkan rí, ẹ yan restricted: àlàyé á hàn, fáìlì kò ní ṣí.

Lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ Publish, kò sí pé ẹ ń yọ fáìlì bó ṣe wù yín. Bí àṣìṣe bá wà, ẹ̀dà tuntun lẹ máa gbé síta. DOI kan á dúró fún gbogbo ẹ̀dà, DOI mìíràn fún ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Bí ìdílé bá yí ọkàn padà, ẹ lè bẹ Zenodo kí wọ́n yọ ọ́, ojú ìwé kan á sì ṣẹ́kù tó ń sọ pé ohun kan ti wà níbẹ̀ rí. Àwọn tó ti gbà á, wọ́n ti gbà á.

Kò sí ẹni tó fẹ́ gba gigabyte 7 kó lè wo ojú ère lẹ́ẹ̀kan, ìdí rèé tí IIIF, ìlànà fífi fọ́tò hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fi wà. Ó máa ń gé fọ́tò sí wẹ́wẹ́, fóònù tó wà ní Ṣábẹ̀ẹ́ á sì gba kìkì ibi tí ó ń wò. `/0,0,2000,2000/500,/0/default.jpg` ní ìparí àdírẹ́sì túmọ̀ sí: mú píksẹ́lì 2000 ní gígùn àti ní ìbú láti igun òkè lọ́wọ́ òsì, fún mi ní 500 ní ìbú. Ẹ kò nílò sáfà ńlá. `vips dzsave ere.tif ere --layout iiif3 --id` pẹ̀lú àdírẹ́sì yín á gé e tán, ibi ìpamọ́ wẹ́ẹ̀bù lásán sì tó o. Bí Mirador, ohun èlò tí wọ́n fi ń wo fọ́tò IIIF, tó wà ní ìkànnì ẹlòmíràn bá kọ̀ láti ṣí i, nígbà mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, `Access-Control-Allow-Origin: *` ni sáfà yín kò fi ránṣẹ́. Nínú manifest ti IIIF (fáìlì tó ń to àwọn fọ́tò náà, kì í ṣe ti BagIt), ẹ lè to ìmọ́lẹ̀ ojú, ultraviolet àti infrared lé ara wọn kí olùwò máa yí láti ọ̀kan sí èkejì, àmọ́ bí kámẹ́rà bá ti sún díẹ̀ láàárín wọn, imú á bọ́ sórí ẹrẹ̀kẹ́.

Kí ẹ tó kéde rẹ̀, ẹ fún ẹnì kan tí kò sí níbi iṣẹ́ ní DOI náà, kí ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin: mílímítà mélòó ni ojú ọ̀tún ère yìí? Iná wo ni wọ́n fi ya fọ́tò kẹta? Ṣé mo lè fi ṣe èèpo ìwé? Orúkọ ta ni kí n dá? Bó bá pè yín lórí fóònù kó tó lè dáhùn èyíkéyìí, README ni kí ẹ tún kọ. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ẹ̀dà A3 kan, kí ẹ fi fáìlì sórí káàdì, kí ẹ sì gbé méjèèjì lọ fún ilé tó ni ère, pẹ̀lú àlàyé ní Yorùbá.

Dísíkì méjì ni kí RAW wà lórí rẹ̀ yàtọ̀ sí ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ọ̀kan má gbé ilé kan náà pẹ̀lú èkejì. Ọ̀rinrin Àjàṣẹ́ kì í ṣàánú ohun èlò. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ wọ inú fódà náà, ẹ tẹ `sha256sum -c manifest-sha256.txt`. Bí FAILED bá jáde níwájú fáìlì kan, ẹ mú ẹ̀dà rẹ̀ lórí dísíkì kejì, ẹ yẹ òun náà wò kí ẹ tó fi rọ́pò rẹ̀.